Bí ẹ ó ṣe fa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etí odò gùn ní àdúgbò yín: ohun tí a kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Lẹ́yìn ilé tiwa ní Ilé-Ifẹ̀, odò kékeré kan wà tí ọmọdé lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá di oṣù kẹsàn-án, àgbàlagbà tó mọ ara rẹ̀ kò ní í dá a kọjá. Etí odò yìí ni ẹgbẹ́ onílé wa la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan sí, láti ìdí afárá títí dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, bíi mítà 400. Nígbà tó yá, àwọn òbí ní kí a fà á dé ilé ìwé àwọn ọmọ, kí àwọn ọmọ yé bá ọ̀kadà du etí títì. Mítà 600 ló kù kí ó débẹ̀. Èmi akọ̀wé ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, mo sì ṣàṣìṣe níbẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni bí n bá ṣe ṣe é ká ní wọ́n tún gbé e fún mi lónìí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí etí odò tó ṣófo. Ẹni tó bá jókòó sínú yàrá tó fa ìlà sórí ìwé, oko ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ló fa ìlà rẹ̀ kọjá, tàbí ojúbọ, tàbí ibi tí omi ń sùn sí lóṣù keje. Omi ti ní ọ̀nà tirẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn náà ti ní tiwọn. Iṣẹ́ yín ni láti wá ibi tí tiyín lè gbà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ rin èyí tó ti wà nílẹ̀

Ẹ mú ìwé kan, bírò, téèpù gígùn, àti ẹnì kan tó ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́. Kì í ṣe alága o. Alága ní mọ́tò. Ẹ rìn ín láàárọ̀, ẹ tún un rìn nígbà tílẹ̀ bá ń ṣú. Ibi tí ẹrẹ̀ ti ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ibi tí àgbàrá ti jẹ etí ọ̀nà, ibi tí ènìyàn kì í fẹ́ dá nìkan gbà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún kọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí ẹ là, tó lọ la tirẹ̀ sínú koríko. Èyí gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Ní tiwa, a ti fi ẹwà tẹ ọ̀nà kọrọdọ yípo ọ̀pẹ kan. Kò sí ẹni tó bá wa yípo ọ̀pẹ. Ẹni tó ru omi kò ní í tìtorí ẹwà rin ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn tó ń kọjá. Kí ẹnì kan jókòó sórí àpótí láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án, kó máa fa ìlà kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan: àgbà, ọmọ ilé ìwé, ẹlẹ́rù, oníkẹ̀kẹ́, ọlọ́kadà. Ọjọ́ mẹ́ta tó: ọjọ́ ọjà kan, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, àti ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ìwé onílàlílà yìí máa ń sọ̀rọ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ẹ lọ wo omi nígbà tó bá bínú

Òjò Ifẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó sì máa ń parí lóṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkọkànlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń le gan-an: ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje, àti oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá wọn etí odò lóṣù kìíní, ilẹ̀ ló wọ̀n, kò tíì wọn odò. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èékàn kan gúnlẹ̀ kí ẹ tó ti wo ibẹ̀ nígbà òjò.

Bí òjò bá ti lọ tí ẹ kò sì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, omi máa ń fi àpá sílẹ̀. Lára igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó wà níbi tí a fẹ́ gba kọjá, mo rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó há sí ẹ̀ka. Ó ga tó etí mi. Mo na ọwọ́ sí i, mo fà á wálẹ̀, iyanrìn ṣì wà nínú rẹ̀. Ibi tí mo dúró sí yẹn ni wọ́n ti yà pé a ó gbé bẹ́ǹṣì ìjókòó sí. Ẹ wo ẹ̀ka igi, ẹ wo ìlà ẹrẹ̀ lára fẹ́ǹsì, ẹ wo ibi tí koríko ti dojú bolẹ̀ sí ọ̀nà kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn àgbà tó ti pẹ́ níbẹ̀ pé, "Ìgbà tó pọ̀ jù lọ, ibo ló dé?" Ẹ má bi wọ́n pé ọdún wo ni, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ hàn yín lára ògiri.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá gé ọparun fún èékàn. Ẹ so àkísà funfun mọ́ èyí tó wà níbi tí omi ń dé lọ́dọọdún, kí ẹ so pupa mọ́ èyí tó wà níbi gíga jù lọ tó dé rí. Òfin tí a fi lélẹ̀ láàárín ara wa nìyí: ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá funfun àfi níbi afárá, bó bá bọ́ sáàárín funfun àti pupa, ohun tí a bá fi ṣe é gbọ́dọ̀ lè mu omi kó má sì bá omi lọ. Kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lábẹ́ omi fún ọjọ́ kan lọ́dún kò burú. Ẹ fi bẹ́ǹṣì, iná àti ohunkóhun tó ní wáyà sí òkè pupa.

Ọ̀rọ̀ odò títẹ̀ náà wà níbẹ̀. Níbi tí odò bá ti yí, ẹ̀gbẹ́ ìta ìyípo ló máa ń jẹ ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ inú ló sì máa ń kó iyanrìn jọ sí. Ọ̀nà tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí odò dáadáa. Níbòmíràn, ẹ fi igbó àti koríko tó tó mítà 5 sí 10 sílẹ̀ láàárín omi àti ọ̀nà, ẹ má gé e mọ́lẹ̀ ráúráú. Gbòǹgbò ló di etí odò mú. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ré odò lójú méjèèjì kó lè "mọ́". Omi tí kò rí ibi tẹ́ sí á sáré, ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò ni yóò sì kàn. Ẹ má tún kó àwókù ilé dà sí àkùrọ̀ láti fi gbé e ga. Àwọn tó bá wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 lè sọ fún yín ohun tí odò Ògùnpa ṣe nígbà tí ilé àti ààtàn ti gba ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wá àwọn tó ń jẹ lára odò kí ẹ tó wá àwọn tó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀

Onílé yóò wá fúnra rẹ̀. Ẹ kò ní láti wá a. Àwọn tó kù ni ẹ ó lọ bá níbi iṣẹ́ wọn, ní àkókò tiwọn: àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀, àwọn tó ń wa iyanrìn, àwọn tó ń fọ mọ́tò, àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tí omi odò ni wọ́n fi ń pò ó, àwọn aláṣọ funfun tó ń wá gbàdúrà lójú omi láàárọ̀ kùtù, àwọn oníṣẹ̀ṣe, àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń rán wá pọnmi.

Mo lọ bá ìyá kan tó ń bomi rin ewédú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ fẹ́ la títì gba orí ewédú mi?"

"Rárá o, Ìyá. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lásán ni."

"Ẹsẹ̀ ta ni? Ẹsẹ̀ tèmi ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó kọ́lé yín."

Ó gbé igbá omi sílẹ̀, ó mú mi yípo oko. Ibi mẹ́ta ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bu omi, ó sì gbẹ́ kòtò omi méjì sáàárín ebè fún oṣù kìíní àti ìkejì tí odò bá ti gbẹ sẹ́yìn. Nínú àwòrán tí mo mú dání, ìlà ọ̀nà wa gba àárín ebè àti odò, ó sì ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ìwé. Ká ní a ṣe é bẹ́ẹ̀, a ó ti gba omi lọ́wọ́ gbogbo ẹlẹ́fọ̀ọ́ ibẹ̀, àwọn bíi mọ́kànlá. A gbé ọ̀nà sí òkè oko dípò rẹ̀, a sì ṣètò àtẹ̀gùn òkúta mẹ́ta sísàlẹ̀ fún wọn. Ìyá yìí fúnra rẹ̀ ló sọ pé bí àtẹ̀gùn yẹn bá wà, òun á máa roko apá ibẹ̀. Ẹ dì í mú sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún pèrègún. Àwa Yorùbá ń fi pèrègún pa ààlà, a sì ń gbìn ín sí ojúbọ, nítorí náà bí ẹ bá rí i lójú odò, ẹ bèèrè èyí tó jẹ́ kí àdá tó kàn án. Bákan náà ni akòko, àti igi tí wọ́n so aṣọ funfun mọ́. Ìlú yìí ni Mọ̀remí ti bá odò Ẹ̀sìnmìrìn dá májẹ̀mú. Kò yẹ kí ọmọ Ifẹ̀ fojú gọ́tà wo odò. Ẹ lọ bá àwọn tó ni ojúbọ, ẹ bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó, ṣé ọjọ́ kan wà tí wọn kò fẹ́ kí ènìyàn kọjá, ta ni yóò sì máa kéde rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni àwọn kan máa pè é. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ igi náà ni: igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ti ń ṣọ́ igi ibẹ̀ tipẹ́ kí ìjọba tó gbé pátákó síbẹ̀.

Ìpàdé

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo pè, ọjọ́ Ẹtì ni, aago méjì ọ̀sán. Kí n má purọ́, n kò tilẹ̀ ronú nípa Jímọ́ọ̀. Ènìyàn 23 ló wá, onílé ni gbogbo wọn àfi ẹni méjì, a sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo fọwọ́ sí ohun gbogbo láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Inú mi dùn délé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ ti fa èékàn wa mẹ́fà tu.

Ẹ má pe ìpàdé ńlá kan. Ẹ pe kékeré mẹ́rin. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní alẹ́ ọjọ́ kejì ọjà, nígbà tí ara bá ti sinmi. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ayálégbé lọ́tọ̀, torí ayálégbé kì í fẹ́ ta ko onílé rẹ̀ lójú agbo. Àwọn onílé lọ́tọ̀. Ẹ wá ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ọ̀pá, ẹ lọ bá a nílé. Kí wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kí ẹ fi sórí WhatsApp àdúgbò, bí owó bá sì wà, kí Orísun FM bá yín kà á. Ní tiwa, ibi tí ìkéde ti ṣiṣẹ́ jù ni ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ ata: kò sí ẹni tí kì í dúró níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹni tó dúró ń ṣe ju kó ka ohun tó wà lára ògiri.

Ẹ fi àwòrán onílà sílẹ̀ nílé. Ẹ fi eérú ya odò sórí ilẹ̀ ilé ìwé, ẹ fi búlọ́ọ̀kù wẹ́wẹ́ ṣe ilé, kí ẹ fi ewé ọ̀pẹ ṣe afárá. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti rí ilé tiwọn níbẹ̀, ẹnu á là. Kí olúkúlùkù fi òkúta síbi tí ẹ̀rù ti ń bà á, kó fi igi gúnlẹ̀ níbi tó ti fẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó fi ẹsẹ̀ nù ún.

Ìbéèrè tí ẹ bá bi wọ́n ló máa pinnu èsì. "Ṣé ẹ fẹ́ ọ̀nà?" kì í ṣe ìbéèrè, ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́? Ẹ bi wọ́n pé: níbo ni ẹ kò fẹ́ kó gbà? Aago mélòó ni ẹ máa ń yé gba ibẹ̀? Bí ọmọ yín bá fẹ́ gba ibẹ̀ lọ sílé ìwé, kí lẹ máa sọ fún un? Ìbéèrè kẹta yìí ló mú ọ̀rọ̀ ejò jáde, ó mú ọ̀rọ̀ ajá ilé kan jáde, ó sì mú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fa igbó lábẹ́ afárá jáde, èyí tí gbogbo wa mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Bó bá kan ìdìbò láàárín ipa ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má na ọwọ́ sókè. Ẹ gbé igbá mẹ́ta sẹ́yìn aṣọ tí a ta, kí ẹni kọ̀ọ̀kan ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú èyí tó wù ú. Ẹ kà á lójú gbogbo ènìyàn.

Àwọn tí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn wọn kọjú sí odò yóò sọ pé olè ni ẹ fẹ́ mú wá. Ẹ má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Etí odò tí igbó bò ló ń pa olè mọ́. Ibi tí ènìyàn ń kọjá tí ojú sì ń rí jìnnà kì í rọ olè lọ́rùn. Ẹ fihàn wọ́n nínú àwòrán pé ẹ ó gé igbó etí ọ̀nà gan-an mọ́ orúnkún, pé ẹ̀ka igi tó bá ṣíji bò ó yóò ga ju orí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀kùn kékeré láti inú ọgbà rẹ̀ sí ọ̀nà, ẹ gbà fún un. Nígbà tí onílé méjì ní àdúgbò wa ti la ilẹ̀kùn, ẹjọ́ olè rọlẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ padà lọ sọ fún wọn ohun tí ẹ ṣe sí ọ̀rọ̀ wọn, títí kan èyí tí ẹ kò gbà àti ìdí tí ẹ kò fi gbà á. Ẹ kọ ọ́ sí pálí ńlá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé ẹ̀rọ ata.

Ìwọ̀n, ìdagẹ̀rẹ̀ àti erùpẹ̀

Ìgbà yìí ni ìlà lè wá sórí ìwé. Mítà kan ààbọ̀ ló kéré jù fún ènìyàn méjì láti pàdé. Bí ọ̀kan bá ru igi ìdáná tí èkejì sì pọn ọmọ, mítà 2 ló dára. Bí kẹ̀kẹ́ ológeere bá pọ̀, ẹ ṣe é ní mítà 3. Kí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lórí mítà kọ̀ọ̀kan lọ. Níbi tí kò bá ti sí bí a ṣe lè ṣe é, sẹ̀ǹtímítà 8 ni òpin, kí ibẹ̀ sì kúrú, kí ilẹ̀ títẹ́jú wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ arọ láti mí. Kí ojú ọ̀nà dà díẹ̀ sọ́wọ́ odò, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kan, kí omi òjò máa yọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Níbi gbogbo tí àgbàrá ti ń gba ìdí ilé wá sí odò, ẹ gbọ́dọ̀ ri kọ́fáàtì, ihò tí omi máa gbà kọjá, sábẹ́ ọ̀nà. Ẹ kà wọ́n nígbà tí òjò ń rọ̀, pẹ̀lú agboòrùn lọ́wọ́. A ka mẹ́rin lójú ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò dé, a rí méje.

Ní ti ohun tí a ó tẹ́ sórí rẹ̀, èmi fara mọ́ erùpẹ̀ pupa tí a gún dáadáa, kí a fi òkúta tàbí íńtálọ́ọ̀kì síbi tí omi ń dé nìkan. Ó dínwó, àwọn ọmọ àdúgbò sì lè tún un ṣe fúnra wọn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: mítà 600 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 ní nínípọn, ó jẹ́ kúbíìkì mítà 180. Erùpẹ̀ á fún pọ̀ nígbà tí a bá gún un, nítorí náà ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un: 225. Bí típà kan bá ń kó kúbíìkì mítà 5, ìrìn 45 nìyẹn. Ẹ ka típà bó ṣe ń dé, ẹ má kà á lórí ìwé agbaṣẹ́ṣe. Láti mọ̀ bóyá erùpẹ̀ ti tó gún, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: bó bá dúró bí àkàrà tí kò sì jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ tutù, ó ti ṣe tán, bó bá fọ́ káàkiri, ẹ wọ́n omi sí i, bó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á.

Ẹ̀yin á fẹ́ ri òpó sẹ́nu ọ̀nà kí ọ̀kadà má baà wọlé. N ó sọ òótọ́: ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ bá lè gbà, ọ̀kadà lè gbà á. Òpó máa dá mọ́tò dúró, kò ní í dá ọ̀kadà dúró. Àwọn ọlọ́kadà ibùdókọ̀ tó sún mọ́ yín ni ẹ ó bá sọ ọ́, kí wọ́n máa mú ara wọn.

Ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ní etí odò, ẹbí ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé. Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí àwọn àgbà ẹbí náà fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó, ì báà jẹ́ òun ló pariwo jù. Òfin yẹn kan náà mọ irè oko sí ohun tí a ń sanwó fún bí ìjọba bá gba ilẹ̀, nítorí náà kí ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó máa pàdánù ebè rí owó gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú, ẹ bi wọ́n bí ilé àti ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí odò tó, kí ẹ gbà á ní kíkọ. Odò sì máa ń jẹ́ ààlà: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀tún wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ Àárín Gbùngbùn tí òsì wà lábẹ́ Ìlà Oòrùn Ifẹ̀, torí àṣẹ méjì ni ẹ ó gbà nígbà náà. Gbogbo owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti Ifẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ wa kún. Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ló tún kan òmíràn. Bí ọkọ́ bá kan àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n tò ní ẹ̀gbẹ́ bíi pé wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀, tàbí ohun amọ̀ tó ní ojú, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ má fà á yọ, ẹ lọ pe àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù ní Ẹnuwá. Ẹ sọ èyí fún àwọn òṣìṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹni tó bá rí i kò ní í pàdánù owó ọjọ́ rẹ̀ nítorí ìdádúró.

Ẹ ṣe mítà 100, kí òjò wò ó

Ètò àkókò tó bá Ifẹ̀ mu: ẹ wo omi lóṣù kẹsàn-án, ẹ ṣe ìpàdé lóṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, ẹ wa ilẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí ìkẹta, ẹ gbin igi nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà. A jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe kan já erùpẹ̀ sílẹ̀ fún wa ní ìdákẹ́jẹ́ oṣù kẹjọ, ó ní òjò ti lọ. Oṣù kẹsàn-án gbé ìdajì rẹ̀ lọ sínú ebè ẹ̀fọ́. A fi owó ẹgbẹ́ bẹ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́, a sì yẹ fún un.

Ọdún àkọ́kọ́, mítà 100 péré ni kí ẹ ṣe, kí ó jẹ́ ibi tó le jù, kì í ṣe ibi tó rọ̀ jù. Ẹ fi òjò kan gbáko dán an wò kí ẹ tó ná owó ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́ di etí odò mú, koríko vetiver tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ jìnnà dára, ọparun náà dára bí ẹ bá lè máa gé e. Ẹ má gbin tíkì. Ó ń dàgbà kíá, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ràn owó rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ máa ń wà ní ìhòòhò, omi òjò tó ń kán láti ara ewé ńlá yẹn á sì máa fọ̀ ọ́ lọ.

Ta ni yóò máa roko ibẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ dáhùn kí típà àkọ́kọ́ tó dé. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ má ṣe ọ̀nà náà rárá. Igbó yóò gbà á padà láàárín ọdún méjì, àwọn tó sì sọ pé olè ló máa wá á ti rí ẹ̀rí wọn. "Ẹgbẹ́ onílé á máa ṣe é" kì í ṣe ìdáhùn. A pín mítà 600 wa sí ọ̀nà mẹ́jọ, a kọ orúkọ ẹni mẹ́ta sí ìpín kọ̀ọ̀kan: ilé ìwé gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ gba ti ẹ̀gbẹ́ pápá, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ gba ibi àtẹ̀gùn òkúta bí ìyá ṣe sọ. Ṣọ́bìrì méjì, àdá mẹ́ta àti bárò kan wà nínú àpótí irin lẹ́bàá oko. Lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, ẹni tó ni ìpín máa lọ wo ẹnu kọ́fáàtì, á fa ọ̀rá àti ewé kúrò níbẹ̀, á sì kọ ibi tí omi dé sínú ìwé.

Ọ̀dọ̀ ìyá eléwédú ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́bìrì, kó tètè lọ kí i láàárọ̀, kí aago méje tó lù, torí bó bá ti ru ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, ó di ìrọ̀lẹ́.